Ó Wà Lọ́dọ̀ Ọ̀gá

Àǹtí Ètò ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́, ẹ má sì rò pé ìfẹ́ ló pọ̀ jù nínú orúkọ náà. Yàrá kékeré kan lókè ni ọ́fíìsì rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ tó ń gé páálí wà, tó ń pariwo látàárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, tí ife omi orí tábìlì rẹ̀ ń gbọ̀n. Òun ló jókòó síbẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọ̀nà tí gbogbo ìbéèrè ń gbà lórí kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe ohunkóhun níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páálí, o ó kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé owó á fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Bí ọmọ rẹ bá ń ṣàìsàn tí o fẹ́ lọ sílé, tàbí eyín ló ń dùn ọ́ tí o fẹ́ sáré lọ yọ ọ́, Ọ̀gá náà ni ìbéèrè rẹ ń lọ bá. Bí Ọ̀gá kò bá fọwọ́ sí i, o ò lọ ibì kankan.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ààyè á gun àtẹ̀gùn lọ bá Ọ̀gá, á ro ẹjọ́ rẹ̀, Ọ̀gá á kọ́kọ́ bú u dáadáa, á wá ní kó máa lọ. Àǹtí Ètò ló sọ pé ìyẹn kò bójú mu mọ́ fún ilé iṣẹ́ tó ń dàgbà. Inú Ọ̀gá dùn. Ó ní kó to ètò náà bó ṣe yẹ, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà kò ṣẹlẹ̀.

Ó sì tò ó dáadáa, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Ó fi orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan: bí awakọ̀ bá bèèrè, níbo ló ń lọ? Bí ọkùnrin ilé ẹrù bá bèèrè ńkọ́? Bí Ọ̀gá kò bá sí nílé tó sì yan ẹlòmíì síbẹ̀, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tó yàn ló ń lọ? Ó ń lọ síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí kò fi dán an wò ni orúkọ ti ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá sì tẹ bọ́tìnì ni ètò náà ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i, ímeèlì lórí ímeèlì, títí kò fi rí lẹ́tà gidi kà mọ́. Ló bá pàṣẹ pé kí gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ ètò náà wá máa bọ́ sínú àpò kan lọ́tọ̀, níbi tí kò ti ní máa dí i lójú. Ó ní òun á yí i padà bí iṣẹ́ bá parí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í parí.

Ohun kan ṣì kù, ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, bí o bá ṣí ìbéèrè rẹ, o ó rí orúkọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í nàka. “Ẹ wò ó, Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló jókòó lé e láti ìjẹta!” Wọ́n á pe ara wọn wá wò ó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ká Àǹtí Ètò lára. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, wọn kì í la orúkọ àgbà mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká má tíì sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ síta bí orúkọ ọ̀daràn. Ló bá yọ orúkọ kúrò, ó fi ipò nìkan sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí kálukú ń rí kò ju èyí lọ: “Ó wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá.” Ọ̀wọ̀ ni ó pè é, mi ò sì lè sọ pé irọ́ ló pa.

Ẹni tó tọ́ ọ dàgbà nílé yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Ìyá wọn tètè kú. Ẹ̀gbọ́n yìí ló gbé e pọ̀n, tó ń fi ẹsẹ̀ yí máṣíìnì ìránṣọ, tó fi owó aṣọ tó ń rán sìn ín níléèwé títí ó fi mọ kọ̀ǹpútà. Ó lọ́kọ, ó bímọ obìnrin kan, síbẹ̀ “ọmọ mi àgbà” ló ń pe àbúrò rẹ̀ yìí, tí ọkọ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ò mọ̀ pé òun fẹ́ abiyamọ. Ìlú tó ń gbé jìn. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni èèyàn ń wọ̀, ilẹ̀ á sì ti máa ṣú kó tó débẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n náà pè.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Dókítà ti ní ká gbé màmá mi lọ sílé.”

“Ṣé ara wọn ti yá ni?”

“Rárá, Àǹtí. Wọ́n ní kò sóhun tí àwọn lè ṣe mọ́.”

Ẹ̀gbọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. “Àbúrò mi, máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.”

“Mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà máa retí mi.”

Àǹtí Ètò kọ ìbéèrè rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnì. Ètò náà dá a lóhùn pé: “Ó wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá.”

Ọ̀gá ti rìnrìn àjò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú. Bó ṣe ń lọ, inú mọ́tò ló ti rántí pé dókítà kò ní jẹ́ kí òun wo fóònù. Ó ṣí ètò náà, ó yan ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí nǹkan dípò òun. Ta ni ì bá tún yàn bí kì í bá ṣe Àǹtí Ètò? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbà pé kọ̀ǹpútà á sọ fún un. Kọ̀ǹpútà sì sọ fún un lóòótọ́. Ó fi ímeèlì ránṣẹ́, ímeèlì náà sì bọ́ sínú àpò tí kì í yẹ̀ wò. Ìbéèrè tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti yí po, ó ti padà wá bá a, ó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀. Òun nìkan ni kò mọ̀, ó jókòó, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ń bẹ Ọlọ́run kó rọ Ọ̀gá lọ́kàn.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó tẹ Ọ̀gá láago. Ìyàwó Ọ̀gá ló gbé e.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀?”

“Wọ́n ń sinmi o. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣé ó le ni?”

Báwo ni èèyàn ṣe ń di ẹ̀dùn tirẹ̀ lé aláìsàn lórí? “Rárá mà, kò le. Ẹ ṣáà bá mi kí wọn. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá akọ̀wé owó. Ọkùnrin náà tẹ́tí gbọ́ ọ títí, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an. Àmọ́ ṣé èmi ni kí n fo Ọ̀gá? Ìwọ náà lo tò ó pé mi ò lè fò ó.”

“Mo mọ̀, sà.”

“O ò rántí awakọ̀ yẹn ni?”

Ó rántí. Ìyàwó awakọ̀ ń rọbí, ìbéèrè rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá, ọkùnrin náà gun òkè wá bẹ̀ ẹ́. “Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́.” Ó sì dá a lóhùn pé ètò kò mojú, kó má bínú. Awakọ̀ lọ láìgbààyè, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí Ètò káàánú rẹ̀ nígbà náà, àmọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ kò tìtorí ẹ̀ tutù. Bó ti ń gun àtẹ̀gùn padà báyìí, ojú ọkùnrin náà ló ń rí. Bí òun náà bá lọ bẹ́ẹ̀, ẹnu wo lòun á fi dá wọn lóhùn?

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Gọ́ọ̀mù tán nísàlẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́, nítorí ìbéèrè gọ́ọ̀mù náà wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ọkùnrin ilé ẹrù gòkè wá, inú ń bí i.

“Àǹtí, ṣé Ọ̀gá ti sùn lọ ni? Gbogbo wa kàn jókòó lásán!”

“Ẹ má bú Ọ̀gá. Ara wọn ò yá. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ èémí ara rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ tó dákẹ́ yẹn. Ó ń ṣí ìbéèrè rẹ̀, ó ń pa á dé, ó tún ń ṣí i. Oúnjẹ kò wù ú jẹ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra Ọ̀gá nínú ọkàn rẹ̀, ìkórìíra náà sì ń bà á lẹ́rù, nítorí ọkùnrin náà kò ṣe é níbi kankan rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tún pè, tàbí ká sọ pé ọmọ gbé fóònù sí i létí.

“Àbúrò mi, o ò tíì gbéra?”

“Mo ti tọrọ ààyè, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá ni ò tíì dáhùn.”

“Má bínú sí i. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.” Ó sinmi díẹ̀, ó ń wá èémí. “Má lọ ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ nítorí mi. Mo ṣì lè dúró dè ọ́.”

Àǹtí Ètò fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹkún má bàa jáde sí i létí. Ká ní ẹ̀gbọ́n náà bínú ni, ká ní ó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó máa bọ̀ kíákíá, bóyá ì bá gbéra lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n sùúrù ló ní kó ní, ó sì ti mọ́ ọn lára láti kékeré láti máa ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ní kó ṣe.

Fóònù tó dé kẹ́yìn kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọmọ náà kàn ń sunkún ni, ó ń pe “Àǹtí, Àǹtí,” kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ohun tó kù tí èèyàn ń bèèrè.

Ó jókòó. Kò sunkún. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó ní òun á yọ ìbéèrè náà kúrò, kó má máa wo òun lójú mọ́. Ètò náà ní kò ṣeé yọ, àfi kí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dá a padà. Ló bá wọ ẹ̀yìn ètò náà, níbi tí òun nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, níbi tó kó gbogbo orúkọ tó fi pamọ́ sí. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí orúkọ Ọ̀gá. Orúkọ tó rí níbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni.

Ó kà á, ó tún un kà. Ó ṣí àpò ímeèlì náà. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: èyí tó sọ pé Ọ̀gá ti fi í dípò ara rẹ̀, èyí tó ń bèèrè gọ́ọ̀mù, èyí tó ń bèèrè ààyè lọ bẹ ẹ̀gbọ́n tó ń ṣàìsàn wò. Nísàlẹ̀ rẹ̀, bọ́tìnì méjì: fọwọ́ sí i, tàbí kọ̀ ọ́. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìṣẹ́jú tó ti kọ ọ́. Igbe kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ohùn òun ni, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì gbójú sókè. Ó tẹ bọ́tìnì ìfọwọ́sí. Ètò náà dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ sínú rẹ̀ láti fi dá òṣìṣẹ́ lára yá: “A ti fọwọ́ sí i. Ẹ gbádùn ìsinmi yín!”

Ilé ẹ̀gbọ́n ti kún nígbà tó débẹ̀. Máṣíìnì ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ó fa ọmọ náà sí kọ̀rọ̀.

“Kí ni màmá rẹ fẹ́ sọ fún mi?”

“Wọn ò sọ fún wa, Àǹtí. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan.”

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, na ọwọ́ sí i, ó fà á mọ́ra níwájú gbogbo wọn.

“Wọn ò fún ẹ láàyè, àbí?”

“Wọn ò fún mi láàyè, Màmá.”

“Ojú ọ̀nà ló ń wò títí ó fi lọ.” Arúgbó náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹni tó jókòó lé ààyè ọmọ yìí, tí kò jẹ́ kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò rí ara wọn, lọ́jọ́ tí òun náà bá ń wá ẹni tirẹ̀, Ọlọ́run má jẹ́ kó rí i.”

Gbogbo ilé ṣe àmín. Arúgbó náà sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó wo Àǹtí Ètò lójú, ó ń retí tirẹ̀.

“Àmín, Màmá,” ni ó wí.