"Temporary", Ọ̀rọ̀ Tí Kì Í Darúgbó

Ọdún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní Calgary, ọ̀gá ọkọ mi pe gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ sí yàrá ìpàdé, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó ní temporary ni, fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ó tún gé kéèkì fún wọn. Ọkọ mi, odidi ẹnjiníà, gbé ọ̀rọ̀ yẹn wálé bí ẹni gbé ẹran Iléyá. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó jáde síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé wọ́n lé àwọn ẹlòmíì pátápátá ní iléeṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n tòun temporary ni. Gbogbo wa pariwo halelúyà. Àwa nìkan la lè dúpẹ́ pé wọ́n lé èèyàn níṣẹ́, ká tún se ìrẹsì lé e.

Ẹ̀rí yìí ló wá di wàhálà. Ìgbà òtútù wọlé, ọ́fíìsì ò pè. Iléeṣẹ́ kan tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé ọmọ iléèwé fún un níṣẹ́ awakọ̀, wọ́n ní kó fèsì kó tó di Friday. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní tóun bá gba iṣẹ́ mìíràn, òun ti sọ Ọlọ́run di onírọ́ nìyẹn. Èmi tí mò ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Seton ní ó dáa, kí Ọlọ́run wá bá mi gba shift kan.

Inú ń bí mi. Bàbá òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú ti sọ fún mi pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí níbí, nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi. Lọ́jọ́ tí mo ní off, mo wọ train lọ sí ilé ìkàwé ní downtown, mo ní kí wọ́n fi ìwé ìròyìn ìgbà yẹn hàn mí.

Ha! Temporary kún ibẹ̀ bámúbámú. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ìwé iwájú ló jókòó sí, lẹ́tà gàdàgbà. Ẹni tó sọ ọ́ wọ súùtù, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ti sún wọ àárín ìwé, wọ́n ti fi "ó jọ pé" ṣáájú rẹ̀. Magasíìnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé temporary ń ṣe ìdílé láǹfààní: ẹ bá ọmọ yín ṣeré, ẹ gbin òdòdó. Ó dájú pé ẹni tó kọ ọ́ níṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mi ò rí i mọ́. Iléeṣẹ́ tó ti ń fi lérí ti ń ta tábìlì àti àga ọ́fíìsì rẹ̀ ní gbàǹjo. Kò sẹ́ni tó kéde òkú ọ̀rọ̀ náà.

Mo pe ọkọ mi pé kó wá. Ó dé, ó kà á, ó yínmú.

"Àwọn wọ̀nyí ò mọ àdúrà gbà ni."

"Wọ́n gbà á. Ẹ wò ó níbí, prayer breakfast. Wọ́n tún ya fọ́tò."

Ó padà síbi ìkéde gbàǹjo yẹn, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Kí ni màá sọ fún Màámi? Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí fún gbogbo àdúgbò."

Ẹnu mi tó ti ń mú láti àárọ̀ kú. Àṣé kì í ṣe Ọlọ́run ló ń gbèjà, ìtìjú ló ń bò mọ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ní Thursday, ó pe iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ní òun gbà. Lẹ́yìn náà ló pe ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó tan speaker kí n lè gbèjà rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá le. Ó kí wọn títí ìkíni fi tán lẹ́nu rẹ̀.

"Màámi, wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ni mo fẹ́ máa wà báyìí."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ti dá ọ dúró," ni ìyá wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ ni. Nígbà tí o níṣẹ́, mo lè pè títí, o ò ní gbé e. Báyìí, kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì, o ti gbé e. Máa wa bọ́ọ̀sì rẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má torí bọ́ọ̀sì pa fóònù mi tì o."