Aràrá Kò Gbọ́dọ̀ Di Oṣó

Òórùn ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi ń rántí yàrá kọ̀ǹpútà Pólì wa ní Ìlaròó. Má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ṣe sítúdẹ́ǹtì níbẹ̀ láyé àwọn ológun, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà wọlé, torí wọ́n ní eruku máa ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́, eruku pupa Ìlaròó sì rèé, kò sí ibi tí kì í wọ̀. Ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà bí ẹni fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo tó ń jò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló sì ń fẹ́ òórùn ẹsẹ̀ gbogbo wa káàkiri. Tí kọ̀ǹpútà bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, òórùn ike gbígbóná á dà pọ̀ mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn nígbà náà. Ní báyìí, tí mo bá gbọ́ òórùn tó jọ ọ́, inú mi á bàjẹ́, ó sì lè má sàn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àwa méjì la jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan, èmi àti ọmọkùnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, torí ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn ló ń gbé. Kí n tètè sọ ọ́ kó yé ọ: kì í ṣe ọ̀rẹ́kùnrin mi. Àwọn èèyàn sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Ó kúrú, irùngbọ̀n rẹ̀ pọ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ó sì mọ kọ̀ǹpútà débi pé olùkọ́ wa gan-an a máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ wòran. Ní tèmi, bàbá mi tó ń ta obì ló ní kí n lọ kọ́ ọ, torí ẹnì kan sọ fún un pé ibẹ̀ layé ń lọ. Ìyàtọ̀ wa nìyẹn. Tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ fún mi, màá padà sílé lọ ta obì. Tirẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń yan gàrí láti fi rán an nílé ìwé, èéfín sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ojú obìnrin náà, tó ń pè ní Màmá, jẹ́ tán. “Tí mi ò bá ríṣẹ́ yìí ṣe,” ó máa ń sọ fún mi, “kí ni Màmá mi wá ń yan gàrí fún?”

Olùkọ́ wa kan tó ti ìlú òyìnbó dé ló mú géèmù kan wá nínú dísìkì. Wàá kó èèyàn bíi mélòó kan jọ, wọ́n á lọ bá àwọn ẹbọra jà nínú ìlú kan tó ti dahoro. Ṣùgbọ́n kó o tó bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà á bi ọ́ ní nǹkan méjì nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan: ẹ̀yà wo ni, iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe. Èdè òyìnbó ló fi ń béèrè, àwa la sọ ọ́ di Yorùbá láàárín ara wa. Ẹ̀yà: èèyàn, iwin elétí ṣóńṣó, aràrá. Iṣẹ́: jagunjagun, olè, àlùfáà, oṣó. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn rí àwòrán aràrá, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n ara rẹ̀, ó ní, “Ẹbí mi nìyí.” Ó fẹ́ kó jẹ́ oṣó, torí oṣó ló ń kàwé jù nínú gbogbo wọn. Bó ṣe tẹ aràrá báyìí, ọ̀rọ̀ náà, oṣó, pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Kò tiẹ̀ sọ pé rárá. Kò kàn yọjú mọ́ láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, bí ẹni pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyé.

“Aràrá kò gbọ́dọ̀ di oṣó,” ni olùkọ́ wa wí. “Òfin ibẹ̀ ni.”

“Kí ló dé, sà?”

“Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.”

“Ta ló ṣe é, sà?”

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn ẹlẹ́gbẹ́ mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí yàrá dá páropáro, ó dá ẹnì kan sílẹ̀ nínú géèmù, ó ṣe é ní èèyàn, ó sì sọ ọ́ di oṣó, èyí tí òfin gbà. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní Kúkúrú. Lẹ́yìn náà ó pa géèmù, ó wá ṣí ètò kékeré kan tó máa ń tú inú fáìlì síta, tí wàá fi rí ohun tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń rí: nọ́ńbà àti lẹ́tà, ìlà lórí ìlà, bí ẹ̀wà tí wọ́n dà sílẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí fáìlì aràrá kan tá a ti dá tẹ́lẹ̀, ó wá ń fi wọ́n wéra. Ó ní ibì kan wà nínú méjèèjì tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ẹ̀yà sí. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà, ètè rẹ̀ ń mì: “Un, deux, trois, quatre…”

“Faransé lo fi ń kà?” ni mo bi í.

Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń kà á síta. Kétu ni wọ́n bí i sí, lódìkejì bọ́dà, ilé ìwé Faransé ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó kú, tí àbúrò ìyá rẹ̀ lọ mú un wá. Kò ní ya àwọn ará bọ́dà lẹ́nu. Èdè tí wọ́n bá fi nà ọ́ kó o tó mọ nọ́ńbà, òun ni wàá máa fi ka nǹkan títí wàá fi darúgbó. Yorùbá ló fi ń bú mi, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n tó bá ti di kíkà, Faransé ni.

Ó rí ibẹ̀. Ó pa nọ́ńbà èèyàn rẹ́, ó fi ti aràrá rọ́pò rẹ̀, ó sì ṣí géèmù padà. Òun nìyẹn: Kúkúrú, aràrá, oṣó. Áà, a pariwo! Olùkọ́ wa sáré dé láìwọ bàtà, ó wò ó, ó mi orí. “Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà,” ó ní, “ẹ ò lè rí òfin kẹ́ ẹ má wá ẹ̀bùrú.” Inú ẹlẹ́gbẹ́ mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rí i, ṣùgbọ́n kò yé mi nígbà náà.

Kúkúrú bá wa jà dáadáa. Ilé kan wà nínú ìlú inú géèmù náà tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ń gbé. Tí èèyàn rẹ bá ti jà tó, ibẹ̀ ni yóò lọ kí wọ́n lè kọ́ ọ sí i, kí ipò rẹ̀ lè ga. A kó gbogbo wọn lọ. Wọ́n gbé jagunjagun ga. Wọ́n gbé olè ga, olè o! Ó kan Kúkúrú, ọ̀rọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà pé kò sí ohun tí àwọn lè kọ́ ọ. A tún lọ jà, a tún padà wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tú fáìlì Kúkúrú láti òkè délẹ̀, kò rí ohun tó kù láti yí padà. Ìgbà tó yá ló yé e pé ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ò sí lára Kúkúrú rárá. Inú géèmù fúnra rẹ̀ ló wà, níbi tí wọ́n ti pinnu pé ẹ̀yà báyìí, ibi báyìí ni kó mọ.

“Wọ́n jẹ́ kó wọlé,” ó ní, “wọn ò kàn ní jẹ́ kó dàgbà.” Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Géèmù ṣáà ni.

Ọdún tá a ń parí, ilé-iṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí Pólì pé àwọn fẹ́ ẹnì kan tí yóò máa bójú tó o, kó ṣáà jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Olùkọ́ wa ní kí àwa méjì lọ. Wọ́n pè wá wọlé pọ̀, wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn kí wọ́n kọ́kọ́ dá Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn lóhùn. Àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú ló ń béèrè ọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù. Gbogbo ohun tó bi í ló dáhùn, àní ó tún ṣàlàyé ohun tí wọn ò bi í. Baba náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, inú mi sì dùn, mo fi Ọlọ́run búra. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìwé kan tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ fún un pé kó wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ó tẹ orí ba. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìlà. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì láti ẹ̀gbẹ́, mo húkọ́, mo tún húkọ́. Kò gbọ́ mi. “Un, deux, trois…”

“Ọmọ mi,” ni baba náà wí, “èdè wo lo fi ń kà á yẹn?”

Ó gbé orí sókè.

“Faransé ni, sà.”

“Níbo lo ti kọ́ ọ?”

“Kétu, sà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n Òkè-Ọ̀dàn ni ìyá mi ti wá, sà.”

“Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Ará Kétu ni, sà. Yorùbá ni, sà.”

“A ò bi ọ́ pé ṣé Yorùbá ni,” ni baba náà wí. Kò pariwo, kò bú u. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ó ṣeun, àwọn á ránṣẹ́. Ó sì ti rí àṣìṣe náà o. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n fa ìwé yọ.

Wọ́n wá kọjú sí mi. “Ọmọ ta ni ẹ́?” Mo dárúkọ bàbá mi. “Háà! Àlàájì olóbì! Ṣé dáadáa ni wọ́n wà?” Wọn ò bi mí ní ohun kan nípa kọ̀ǹpútà. Wọ́n bi mí nípa ìlera bàbá mi, wọ́n sì ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Abẹ́ igi ló dúró sí dè mí níta. Mo ní kó jẹ́ ká padà wọlé lọ bẹ̀ wọ́n. “Ká bẹ̀ wọ́n pé kí ni?” ó bi mí. Ó kí mi kú oríire, ó kí mi tọkàntọkàn, ìyẹn ló dùn mí jù. A rìn dé gáréèjì, ó wọ mọ́tò Òkè-Ọ̀dàn, mi ò sì tún fojú kàn án mọ́.

Nígbà tí mo gba owó oṣù, mo ra búrẹ́dì, mo lọ wá a dé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Mo bá obìnrin náà nídìí agbada, ó ń yan gàrí, omi ń dà lójú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá èéfín ni àbí ẹkún. Ó ní ọmọ òun ti rékọjá sí Kétu lọ wáṣẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìwé Nàìjíríà ló kà, kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó kà á fún. Ó wà ní Ìdí-Ìrókò báyìí, ó ń bá àwọn onífàyàwọ́ ru ìrẹsì kọjá bọ́dà, kò sì fẹ́ wálé mọ́ torí ojú ń tì í.

“Ìwọ tó o mọ̀wé, ọmọ mi,” obìnrin náà wí, ó sì dáwọ́ dúró, “tí wọ́n bá tún bi í lọ́jọ́ mìíràn, ibo ni kó ní òun ti wá?”

“Màmá,” mo ní, “mi ò mọ̀.”

Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, ó súre fún mi, ó wá padà sídìí gàrí rẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún mi ní àwo ìdánilọ́lá, wọ́n ní mo já fáfá, mo sì dúró níwájú wọn, mò ń dúpẹ́. Kò sí ẹni tó tìtorí pé mo já fáfá gbà mí. Ìbéèrè kan náà, ọmọ ta ni wá, ni wọ́n bi àwa méjèèjì lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn jẹ́ pé ìdáhùn tèmi ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí ǹ bá sọ fún obìnrin yẹn. Ó ti kú báyìí, mi ò sì tíì rí ìdáhùn náà.