Abẹ́ Ààrò Nan Petrona

Nan Petrona, ìyá àgbà tó jẹ́ opó, kì í gba ohun ọ̀fẹ́. Bí èèyàn bá gbé nǹkan wá fún un tí kò dárúkọ owó, á kọ́kọ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ ẹyin wò lójú oòrùn. Nítorí náà, nígbà tí Tat Bernabé, bàbá tó jẹ́ olórí àdúgbò, wá sọ pé àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan ń bọ̀ láti òkè òkun wá mọ ààrò tuntun fún àwọn opó, èyí tó ní ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde, ọ̀rọ̀ kan ló ti ẹnu ìyá yìí bọ́.

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbà?"

"Wọn ò fẹ́ gba nǹkan kan, Nan. Àwọn fúnra wọn ló sanwó ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé wọn bọ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó wá tún burú sí i. Ọmọ tó fi ìyá tiẹ̀ sílẹ̀, tó tún sanwó kó lè wá po amọ̀ fún ìyá onííyá, ṣé ara ọmọ náà yá?"

Eulalia, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn jọ fara kanra, jókòó tì wọ́n, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni wọ́n fẹ́ jí nílé rẹ? Ṣé eégbọn ara ajá ni? Tat Bernabé, ẹ fi tèmi kún un o. Èéfín ti fẹ́ fọ́ mi lójú."

Èéfín ò dá Nan Petrona náà sí. Ikọ́ rẹ̀ ló ń jí àdúgbò kí àkùkọ tó kọ. Ṣùgbọ́n ìwọ́ ọmọ rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ ààrò náà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí obìnrin ń bá ọkùnrin sọ. Lórí àwọn òkè tí wọ́n ń gbé, orí igi ni ìwọ́ ọmọkùnrin ń lọ. Ti ọmọbìnrin, abẹ́ òkúta mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ fi ń dáná ni wọ́n ń rì í sí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà rìn jìnnà sílé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Nan Petrona bí, Rosenda. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, Rosenda rìn. Ó gba ọ̀nà Àríwá lọ wáṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè olówó, aṣálẹ̀ gbé e mì, kò sí òkú tí wọ́n gbé wálé. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí gbogbo ayé ń gbé òdòdó lọ sí itẹ́ òkú, ìdí ààrò ni Nan Petrona ń da tirẹ̀ sí.

Tat Bernabé rọ̀ ọ́ títí, ó gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí wọ́n mọ tuntun sí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti àtijọ́.

Ọmọbìnrin tí wọ́n rán sí i ń jẹ́ Marit, ará Nọ́wè, ó gùn bí ọ̀pá ìkọ́lé, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Tat Bernabé ló ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó na tépù kiri ilé ìdáná. Bó bá gba ẹ̀yìn ilé, Nan Petrona á mú ìgbálẹ̀, á lọ gbá ẹ̀yìn ilé.

"Kí ló ń wọ̀n?" ó bi Eulalia. "Kí wọ́n tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba wa, wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n."

"Ilé tí ewúrẹ́ ò lè yí padà nínú ẹ̀! Ta ló fẹ́ gbà á?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Ehín ni ẹ̀rín ń fi hàn, kò fi inú hàn."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ. Èrò pọ̀, ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó wọ àgbàlá, òkúta mẹ́ta ló rí nínú oòrùn. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Èédú ìyá rẹ̀ àti ti ìyá ìyá rẹ̀ ti ṣàn lọ. Marit na ọwọ́ sí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ọmọ tó fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán an.

"Tat Bernabé! Kí ni mo sọ fún yín?"

Ojú ọkùnrin náà wálẹ̀. "Nan, mo rò pé torí wọ́n wúwo lẹ ò ṣe fẹ́ ká yọ wọ́n. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Ló bá ní òun á ṣe yín lóore kẹ́ ẹ tó dé."

Ó wọlé. Kòtò ló kù nídìí ààrò. "Ilẹ̀ ibẹ̀ dà?"

Marit nawọ́ sí òkìtì amọ̀ kan. Tat Bernabé túmọ̀: ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó dáa, wọ́n ti fi iyanrìn àti eérú pò ó. Ó tó ilé méjì. Eulalia ló máa kó ìdajì.

Nan Petrona wo òkìtì náà. Bó bá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọmọ yìí á sunkún, á gbé ẹ̀rọ ayàwòrán jáde, á sì gbé Rosenda lọ sí Nọ́wè. Ohun tí àjèjì bá ti mọ̀ nípa ẹni, ó ti mú un lọ.

"Amọ̀ yìí ò jáde nílé mi," ó ní. "Ẹ̀kúnwọ́ kan ò ní jáde."

Eulalia ti gbé agbada dé. "Áà! Ìwọ tí o ò fẹ́ ààrò tẹ́lẹ̀? Òní lo wá fẹ́ gbé gbogbo ẹ̀ mì?"

"Wọ̀bìà ni mí. Lọ ròyìn mi."

Ojú Marit yí padà, ojú ẹni tó ń pín nǹkan fáwọn tó ń jà sí i. Nan Petrona rí i, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Eulalia ní tirẹ̀ ti fẹ́ fèsì, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sínú kòtò. Ó wo kòtò, ó wo òkìtì amọ̀. Òun náà bí ọmọbìnrin. Ó rọra dojú agbada rẹ̀ bolẹ̀.

"Ẹ fún ìyá wọ̀bìà ní tiẹ̀ jàre," ló ní. "Màá wa tèmi lẹ́yìn ilé mi."

Gbogbo amọ̀ náà ni wọ́n lò. Ààrò náà sanra bí aboyún. Marit ní kò ní tètè gbóná.

"Kó pẹ́. Mi ò kánjú."

Nígbà tí ọmọ náà palẹ̀ mọ́ tó fẹ́ máa lọ, Nan Petrona dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré. "Bàtà rẹ."

Marit wo bàtà rẹ̀ tí amọ̀ lẹ̀ mọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan. "Ó ní ẹ mọ́ tónítóní," Tat Bernabé túmọ̀. Marit jókòó, ó fi ọ̀bẹ náà ha á kúrò. Nan Petrona ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣa gbogbo ẹ̀, ó fi omi rin ín, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ààrò, ó wá yí padà.

"Èékánná rẹ ńkọ́? Mú ọwọ́ wá."