Omi Tí Wọ́n Ní Kò Tó

Títí dòní, inú ń bí mi sí àbúrò mi ọkùnrin, mi ò sì ní díbọ́n. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní Lotto, ní Mowe, ni màámi ń gbé nígbà náà, torí pé orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè dá gbé ilé wọn ní Ifo mọ́. Áńgílíkà ni màámi, àti ìkókó ni wọ́n ti ṣàmì fún wọn. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì àbúrò mi, omi díẹ̀ tí wọ́n bù sórí ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ìrìbọmi, àfi kéèyàn wọnú omi pátápátá. Tí wọ́n bá ń gbé Oúnjẹ Olúwa kiri, wọ́n á fo màámi kọjá bí ẹni pé àga tó ṣófo ni. Ó ń dùn wọ́n gan-an. Lọ́jọ́ kan, màámi pè mí lórí fóònù pé àwọn máa gbà kí wọ́n ri àwọn bọmi, kí àwọn ṣáà lè jẹ Oúnjẹ Olúwa kí àwọn tó kú.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo gbéra ní Ibafo, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ìmọ̀ Bíbélì. Àbúrò mi ti múra dè mí. Ó ní Àgùdà ló kọ́kọ́ ba ẹ̀sìn jẹ́, pé àlùfáà ará Jámánì tó bá wọn jà kò tún un ṣe délẹ̀, pé ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá ọ̀nà àtikọ ìyàwó ló dá ìjọ Áńgílíkà tiwa sílẹ̀. Ó ní ìjọ tàwọn nìkan ló padà sínú Bíbélì.

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Mo ní kò sí ẹni tó dá ìjọ sílẹ̀ tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un nípa òyìnbó kan lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi: kò rí ẹni tó tó òun ún ṣe ìrìbọmi fún, ló bá bomi sórí ara ẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ń ṣiyèméjì nípa omi ọ̀hún. Ìjọ àbúrò mi fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Ṣebí ojú gbogbo àdúgbò ló ṣe nígbà tí pásítọ̀ wọn àti ọ̀gá ẹ̀ jà lórí ẹni tó máa wàásù lọ́jọ́ ọdún tuntun, tí pásítọ̀ fi kó àga rọ́bà sọdá sí òdìkejì títì, tó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò mi ní ẹ̀mí ìgbéraga ló ń da àǹtí òun láàmú. Èsì tí mo fún un kò ṣeé kọ síbí.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n wọ aṣọ funfun fún màámi, wọ́n mú wọn lọ sídìí omi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ti wà nínú omi, ó na ọwọ́ sí wọn. Màámi ò fún un lọ́wọ́.

"Ìyá mi tó gbé mi lọ ṣàmì ti kú. Ẹnikẹ́ni ò rì wọ́n bọmi. Níbo ni wọ́n wà?"

Pásítọ̀ ní kí Màmá fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Àbúrò mi ò lè mú sùúrù. Ó ní ẹni tí kò bá ṣe ìrìbọmi, àwọn ò lè fi ọkàn Mọ́mì balẹ̀ nípa ẹ̀.

Màámi yíjú sí i. Ohùn wọn ò le rárá.

"Èmi náà gbé ẹ lọ ṣàmì. Òjò ń rọ̀, mo fi gèlè mi bò ẹ́ lórí. Nígbà tó o wọnú omi yìí, ṣé ohun tó o wá sọ ni pé mi ò ṣe nǹkan kan fún ẹ?"

Màámi wá yíjú síbi tí mo dúró sí, wọ́n ní kí n bá àwọn bọ́ aṣọ funfun náà.