Kásẹ́ẹ̀tì Ìkirè àti Kásẹ́ẹ̀tì Àpòmù

Lọ́dún tí mo parí ìsìn agùnbánirọ̀, tí mi ò sì ríṣẹ́, ilé ìyá mi ní Ìkirè ni mo padà sí. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan lọkàn mi máa ń balẹ̀. Bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá wọ mọ́tò lọ sí Àpòmù lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, káfíńtà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àpòmù, ká jọ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹgbẹ́ eléré jùjú kan ṣoṣo là ń gbọ́. Kì í ṣe àwo tí wọ́n ṣe ní Èkó la fẹ́ràn, bí kò ṣe èyí tí àwọn èèyàn fi rẹ́kọ́dà oníbátìrì gbà sílẹ̀ lóde. Orin kan náà á tètè parí lóde kan. Lóde mìíràn, jìtá á máa rìn gbéregbère títí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì á fi tán. Ti Ìkirè lèmi fẹ́ràn jù, torí ó mọ́ létí. Ti Àpòmù ni Bàbá fẹ́ràn, èyí tí wọ́n gbà níbi ìṣílé kan. Jẹnẹrétọ̀ kú láàárín orin, jìtá dákẹ́, ẹnì kan ń dá orin nínú òkùnkùn, èrò ń pàtẹ́wọ́ gbè é títí iná fi dé. Mo ní àbùkù nìyẹn. Akólòlò ni Bàbá, wọn kì í bá mi jiyàn púpọ̀. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín pé ìwé ti pọ̀ jù lágbárí mi.

Lọ́jọ́ kan wọ́n yá mi ní kásẹ́ẹ̀tì náà pé kí n bá wọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo gbà á sórí òmíràn, mo fo ibi tí iná ti lọ, mo so orin pọ̀ dáadáa. Ìyẹn ò tó mi. Bàbá ti ṣẹ́ eyín kékeré méjèèjì tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì tiwọn, bí a ti ń ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e. Mo ká bébà dí ihò wọn, mo gba ti Ìkirè lé e. Mo rò pé wọ́n á ní méjì tó dáa dípò ọ̀kan tó lábùkù. Oore ni mo pè é, tọkàntọkàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ ẹ̀dà náà. Nígbà tí orin kọjá ibi tó yẹ kí òkùnkùn wà, Bàbá tẹ rẹ́kọ́dà pa, wọ́n ní ti àtijọ́ dà. Mo sọ ohun tí mo ṣe. Bàbá yọ ẹ̀dà náà kúrò nínú rẹ́kọ́dà.

"È... èmi ni mo dá orin yẹn."

Ohùn tí mo ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí ò kólòlò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń ṣàlàyé: pé màá wá ẹlòmíràn tó ní i, pé àìríṣẹ́ ló sọ mí di ẹni tó ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe, pé ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà já sí asán lójú wọn. Bàbá gbọ́wọ́ sókè pé ó tó.

"Ta... ta lo rò pé ó ń kọrin?"

"Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn eléré ni, Bàbá."

Wọ́n wò mí títí, bí ẹni ń wò bóyá ẹ̀tàn ni. Lẹ́yìn náà wọ́n pe ìyàwó wọn jáde láti yàrá, wọ́n ní kí n tún un sọ pé mo rò pé eléré ni, kí ìyẹn náà gbọ́.