Kọ̀ǹpútà Tí Mo Ní Kò Tíì Ṣe Tán

Láti Olódì-Àpápá títí dé Ajégúnlẹ̀, kò sí ẹni tó ń ya fídíò ìsìnkú bí èmi. Mi ò fọ́nnu. Praimárì mẹ́rin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, àmọ́ àwọn tó gboyè jáde ń gbé kámẹ́rà wọn wá bá mi tó bá bàjẹ́, mo sì ń tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà mi nìkan ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Ó ti gbó. Bí mo bá ní kó fún fídíò pọ̀, kó lè kéré tó ohun tí fóònù lè gbé, àárọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣú bá a lẹ́nu ẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná láàárín, ó di ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bárbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi a máa kígbe láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Oga, dat your computer, na only God dey push am." 

Màmá àgbà kan wà ní ilé kejì sí wa. Ọkọ wọn kú, èmi ni mo ya fídíò ìsìnkú náà. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù, kò sì wálé. Ojú màmá ò ríran dáadáa mọ́, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, nítorí náà orí fóònù tèmi ni ọmọ náà ti máa ń pè wọ́n bí ọkọ̀ wọn bá gúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, kò pè mọ́.

Màmá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. "Ọkọ mi, fi bàbá rẹ̀ hàn án. Bó bá ti rí bí a ṣe sin ín, á pè mí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ṣebí èmi náà nìyí?"

Lọ́jọ́ tí mo rí i pé ọmọ náà ti wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa fún fídíò pọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí iná lọ. Kí n tó tan jẹnẹrétọ̀, kí n tó tún bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ọmọ ti ṣí. Màmá ò bú mi. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìdí aṣọ wọn, wọ́n wọlé lọ. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ni mo bá gba Àpápá lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kọ̀nténà, níbi tí wọ́n ti ń tú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo ra pirosẹ́sọ̀, èyí tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Kò ju bisikíìtì kékeré lọ, àmọ́ òun ló ń ronú fún gbogbo ara ẹ̀rọ. Ẹni tó tà á ní kí òun bá mi fi í sí i. Mo ní, "Èmi kẹ̀?" Mo tú ti àtijọ́ fúnra mi. Mo nu ìpara tó ti gbẹ mọ́ ọn. Mo gbé tuntun sí i, kò sí ìkankan tó tẹ̀ nínú ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ rẹ̀. Mo fi ìpara tuntun sí i kó má baà gbóná jù, mo dé fáànù lé e. Mo tan án, ó jí.

Fídíò tó ń jẹ odindi ọjọ́, kí n tó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgọ̀yìn mi tán, ó ti fún un pọ̀. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ra ọpọlọ tuntun, àmọ́ mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Ọjọ́ tí ọmọ bá pe màmá ni mo fẹ́ kí wọ́n rí mi.

Ọkọ̀ tún gúnlẹ̀. Mo fi fídíò ránṣẹ́. Àmì rẹ̀ yí sí búlúù, ó ti wò ó. Mo ń retí ìpè. Mo pè é, ó gé e. Nígbà tó yá ó kọ̀wé: "Mo ti rí i. Ẹ má fi nǹkan kan láti ilé ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ẹ ní kí wọ́n má retí mi." Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí àwòrán rẹ̀ mọ́. Ó ti búlọ́ọ̀kù mi.

Mi ò mọ ohun tó wà láàárín òun àti ilé wọn.  

Màmá dé orí bẹ́ǹṣì. "Ọkọ mi, ṣé ó ti rí bàbá rẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ò tíì ṣe tán, mà. Ó ṣì ń fún un pọ̀."

"Ọpọlọ tuntun tó o fi ń yangàn kiri ńkọ́?"

"Wọ́n rẹ́ mi jẹ ni, mà. Kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Bárbà gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ẹ̀rọ kúrò lórí ẹni tó ń fá. "Oga too sabi," ló ń pè mí báyìí. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ayédèrú ni mo rà, àwọn oníbàárà mi sì ti ń gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Mi ò lè jiyàn. Bí mo bá fi bó ṣe ń sáré han ẹnì kan, kò ní pẹ́ dé etí màmá.

Bí mo bá ti rí màmá lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń tan kọ̀ǹpútà. Fáànù á máa yí, kò sì síṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Wọ́n á dẹtí sí i.

"Ó ń ṣiṣẹ́, àbí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà."

Bí iná bá wá lọ, tí fáànù dákẹ́, àwọn gan-an ló máa ń sọ ọ́ kí n tó lanu: "Ó tún di ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn ìdí aṣọ wọn, wọ́n á wọlé lọ.