Òórùn Ẹja Nínú Àpilẹ̀kọ

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tò, nítorí náà n ó rọra mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní apá Ọ̀yọ́ kì í pa àlọ́ kó má sọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Á ní ẹnu ẹ̀gbọ́n òun obìnrin lòun ti gbọ́ ọ, bó bá dùn mọ́ wa, ẹ̀gbọ́n náà ni ká kí. Lẹ́yìn èyí ni Ìjàpá á tó jáde nílé. Ohun tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mi nìyẹn, torí iṣẹ́ tèmi ni láti kọ́ àwọn tó ń ṣe másítà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n pa àlọ́ fún mi, kí wọ́n sọ ẹni tó pa á fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé kọ̀ǹpútà làwọn wá kọ́, àwọn ò wá kí Ìjàpá. Mo ní kó dìde, kó pa tirẹ̀.

Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà wà nínú kíláàsì yẹn, àdúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà ni wọ́n bí i sí, létí ọ̀sà. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni láti kọ́ kọ̀ǹpútà kó lè máa gbọ́ èdè ilé wọn: ẹ sọ̀rọ̀ sínú fóònù, fóònù á kọ ohun tẹ́ ẹ sọ. Kọ̀ǹpútà kò sì lè gbọ́ èdè tí ẹnikẹ́ni ò sọ sí i létí rí. Mo lọ sílé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo bá ìyá rẹ̀ àtàwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja nídìí ààrò, fóònù ọmọ wà lórí apẹ̀rẹ̀ láàrin wọn, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ìyá náà ní kí n bá òun bi ọmọ òun bóyá ẹ̀rọ yẹn á gbọ́ èébú, torí èébú ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó máa bi í ní ìbéèrè, ó gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ wá sílé mi ní Pedro. Mo kà á dé ibi tó ti yẹ kó sọ ibi tó ti rí ohùn tó fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun ti kó wọn.

Ara mi gbóná. Mo bi í pé, "Ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì ló bí ẹ ni?"

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ òun ló ní kóun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé àpilẹ̀kọ tó ń ta òórùn ẹja, ta ló máa kà á?

Ìbínú mi fi ọmọ sílẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí kan náà ni kì í jókòó níbi ayẹyẹ láìpòwe odò tó gbàgbé orísun. Mo sọ fún ọmọ náà pé irọ́ ló kọ, pé ẹni tó bá wá ohùn yẹn lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́la kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á sì di òkú.

Ó ní, "Mà, tí wọn ò bá wá bu ọwọ́ lù ú ńkọ́?"

Láìsí ìbuwọ́lù olùkọ́ náà, kò sí ìwé-ẹ̀rí. Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè èyí tó yẹ kó kọ.

Lọ́jọ́ ìbéèrè, èmi náà wà níjokòó, olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ló bi í níbo ló ti rí ohùn.

"Ẹnu ìyá mi ni, sà, àtàwọn tí wọ́n jọ ń yan ẹja."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ìwádìí ló ṣe ni àbí ó lọ jẹun sílé. Mo bi òun náà pé ẹnu ta ló ti gbọ́ Yorùbá tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí. Ẹ̀rín dá. Ìgbìmọ̀ ní ọmọ náà yege, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní àfi kó yọ gbólóhùn ẹlẹ́ja tó fi rọ́pò íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò kóun tó bu ọwọ́ lù ú.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń di ìwé ní Ṣómólú ni ọmọ náà ti gbé àpilẹ̀kọ náà wá bá mi, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Ẹ̀rù bà mí láti ṣí i. Ojú ewé àkọ́kọ́ gan-an ló kọ ọ́ sí: "Ẹnu ìyá mi àtàwọn ẹlẹ́ja Ìlàjẹ ni mo ti gbọ́ ohùn inú iṣẹ́ yìí. Bó bá wúlò, àwọn ni kẹ́ ẹ kí." Nísàlẹ̀, àyè ìbuwọ́lù ṣófo.

Èmi ni mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọkùnrin náà. Ó ní òun á wò ó. Ó ṣì ń wò ó. Mo ti gbé àga mi síbi tó kọjú sí ilẹ̀kùn rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ báyìí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń kọ èyí. Bó bá jáde, á bá mi níbẹ̀.